Go off: ṣé èyí tó ń dún ni àbí èyí tó kú?

Ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ní England ló kọ ìbéèrè yìí sí mi, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kò tíì pẹ́ tí mo dé ìlú yìí, care home ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọ̀gá wa pè mí nítorí màmá tó wà ní rúùmù 6, ó ní ‘her mat’s gone off’, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Èmi rò pé ó ní máàtì aláàmù tó wà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì yẹn ti kú ni, pé bóyá bátìrì ló tán, mo wá ní kí n parí aṣọ tí mò ń ká kí n tó lọ wò ó. Ìgbà tí mo máa débẹ̀ màmá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n di ògiri mú, ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n. Ọlọ́run ló yọ mí. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣebí off ni pé nǹkan kú? Wọ́n tún máa ń sọ ọ́ fún mílíìkì, wọ́n ń sọ ọ́ fún oúnjẹ, wọ́n ń sọ ọ́ fún èèyàn pàápàá. Mélòó gan-an ni ìtumọ̀ go off? Àti pé kí ló dé tí wọ́n máa ń wò mí bákan tí mo bá ti ní ‘let me off the light’?”

Àbúrò mi, o kú ewu. A dúpẹ́ pé màmá ò ṣubú. Jẹ́ n kọ́kọ́ fún ẹ ní èyí tó o máa lò tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ alẹ́ ṣì wà níwájú ẹ lónìí. Ohunkóhun tí wọ́n bá ṣe láti máa ṣọ́ nǹkan kó sì pariwo, ì báà jẹ́ aláàmù fóònù, aláàmù èéfín, bẹ́ẹ̀lì tí àwọn arúgbó máa ń tẹ̀ tàbí máàtì tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n bá ti ní ó “has gone off”, ó ti dún nìyẹn, gbéra. Ohunkóhun tó bá ń tàn tàbí tó ń mú ilé gbóná, bíi gílóòbù, tẹlifíṣọ̀n, hítà, tí wọ́n bá ní ó “has gone off”, ó ti kú nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan náà, ìtumọ̀ méjì tó kẹ̀yìn síra. Orí ẹ ò dàrú o, bí èdè wọn ṣe rí nìyẹn.

Mo mọ ibi tí tìẹ ti wá. Nílé wa, off tá a mọ̀ ni off ara súìṣì. Láti kékeré la ti ń gbọ́ “ẹ off iná yẹn”, “lọ off jẹnẹrétọ̀”, “ẹ off fóònù yín, a ti fẹ́ gbàdúrà”. Nǹkan tó bá ti off lọ́dọ̀ wa, ó ti dákẹ́, ó ti ṣú. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wá ní máàtì ti go off, èyí tí etí ẹ ti mọ̀ tipẹ́ ló kọ́kọ́ gbà. Kò sì sí tíṣà tó sọ èkejì fún ẹ, torí bí wọ́n ṣe kọ́ wa níléèwé ni pé wọ́n á to àwọn ọ̀rọ̀ yìí sójú pátákó, give up ìtumọ̀ kan, put off ìtumọ̀ kan, go off ìtumọ̀ kan (wọ́n sì máa ń kọ “explode” sí i), a há a sórí, a ṣe ìdánwò, ó tán.

Off ò bẹ̀rẹ̀ láti ara súìṣì rárá. Nínú òyìnbó àtijọ́, of àti off ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n, of ni wọ́n sì máa ń kọ ọ́, kúrò ló túmọ̀ sí, kúrò níbì kan. Tí wọ́n bá tẹnu mọ́ ọn ló máa ń jáde bí off, títí ó fi di pé láàárín ọdún 1600 sí 1700 méjèèjì yà pátápátá, olúkúlùkù ń jẹ́ orúkọ tiẹ̀. Ìyẹn ni pé kúrò ni gbòǹgbò off, kì í ṣe kú. Tó o bá ti fi èyí sọ́kàn, ìbéèrè tó kù tó o máa bi ara ẹ ni pé: kúrò nínú kí ni?

Wo ìbọn àtijọ́. Irin kan wà lẹ́yìn ẹ̀ tó ṣe bí òòlù kékeré, ẹni tó fẹ́ yìnbọn á fà á sẹ́yìn, irin mìíràn á sì dì í mú síbẹ̀, ìbọn ti wà ní sẹpẹ́ nìyẹn àmọ́ kò tíì ṣe nǹkan kan. Ìgbà tó bá fìka fa tìsàlẹ̀, èyí tó dì í mú á jáwọ́, òòlù á bọ́ kúrò níbi tí wọ́n há a sí, ìbọn á dún gbàù. It went off. Aago orí tábìlì tó ní agogo méjì lórí tí àwọn bàbá wa máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà, bó ṣe ń ṣe nìyẹn, òòlù kékeré wà láàárín agogo méjèèjì, nǹkan dì í mú títí àkókò tó o yàn fún un fi pé, ó jáwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí lu agogo. Ṣó o rí i pé aláàmù tó dákẹ́ ò kú, wọ́n dì í mú ni, ó ń ṣọ́nà, tó bá wá kúrò nínú ìdákẹ́ yẹn ariwo ló máa pa. Gílóòbù ní tiẹ̀, títàn ló ń tàn bọ̀, tó bá kúrò nínú títàn, òkùnkùn ló kù. Àwọn méjèèjì ló kúrò níbi tí wọ́n wà, ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ ni ò jọra. Bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé ẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́ òyìnbó lọ́dọ̀ mi nìyẹn, ó sì máa ń yé wọn ju kí wọ́n máa há a sórí lọ. Kódà orúkọ alarm fúnra ẹ̀, èdè Ítálì ló ti wá, all’arme, igbe tí wọ́n máa ń ké nígbà ogun pé kí oníkálukú gbé ohun ìjà ẹ̀. Igbe ni. Aláàmù tí ò tíì ké, kò tíì jẹ́ orúkọ ẹ̀.

Bọ́ǹbù náà, ìdí ọ̀rọ̀ ìbọn ló wà: “a bomb went off”, bọ́ǹbù bú gbàmù. Báńgà àti nọ́kà-áòtù tá a máa ń yìn nígbà Kérésì náà ń go off, òyìnbó sì ní alẹ́ tiwọn, 5 oṣù November, tó o bá máa gbọ́ “fireworks were going off all night”. Àwọn arúgbó tí ìrántí wọn ti ń lọ máa ń bẹ̀rù ariwo yẹn gan, nítorí náà tí wọ́n bá ní kó o jókòó ti ẹnì kan torí pé àwọn nǹkan yẹn ń go off, ariwo ló ń bọ̀ o, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ pa iná ilé. Fi èyí kún un: àbẹ́là àti iná igi kì í go off, wọ́n máa ń go out ni. Tó o bá ní “the candle went off”, wọ́n lè rò pé ó bú ni.

Jẹ́ ká dúró níbi máàtì yẹn díẹ̀ torí pé ibẹ̀ ni ewu wà. Máàtì yẹn, ẹni tó lè ṣubú ni wọ́n máa ń tẹ́ ẹ fún, tó bá ti fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lálẹ́, ó máa dún lọ́dọ̀ ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́. Nítorí náà “her mat’s gone off” kì í ṣe ọ̀rọ̀ nípa máàtì rárá, ọ̀rọ̀ nípa màmá ni, pé wọ́n ti dìde. “It’s going off” ni pé ó ń dún lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí. “It keeps going off” ni pé ó ń dún ṣáá, bóyá láìnídìí, èyí tó jẹ́ pé ẹni tó gbọ́ ọ bó o ṣe gbọ́ ọ yẹn máa rò pé ṣe ló ń kú tó ń jí. Apá kejì wá tún wà tó jẹ́ pé mo fẹ́ kó o mú un ní dandan, ìyẹn nígbà tó bá kan ìwọ láti sọ̀rọ̀ tàbí láti kọ nǹkan sínú ìwé kí o tó lọ sílé. Tí bátìrì bá tán lóòótọ́, má kọ “mat went off at 2am” o! Ẹni tó bá kà á láàárọ̀ máa gbà pé màmá dìde láago méjì òru, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé ta ló lọ wò wọ́n, kí ló dé tí ò kọ ọ́. Kọ “the mat isn’t working” tàbí “the battery’s dead”. Tó bá jẹ́ pé ó dún, tó o lọ, tó o sì pa á, kọ “the mat went off at 2am, I checked on her and reset it”. Tó bá jẹ́ pé òun fúnra ẹ̀ ló dákẹ́ lẹ́yìn tó ti dún, “it’s stopped” ni. Aláàmù tó dákẹ́, ẹnu ẹnikẹ́ni ò ní gbé go off sí i.

O lè máa rò ó pé irú èdè wo lèyí tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan ń ṣe báyìí káàkiri. Tiwa ńkọ́? Mú dá. A ń dáná, a ń dáko, a ń dáwó, a ń dájọ́, à ń dá aṣọ, a ń dágbére, ẹjọ́ lè dá ẹ láre, ìyàwó lè dá nìkan gbé, ọmọ sì lè dákẹ́. Ta ló jókòó kọ́ ẹ ní gbogbo ìyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan? Ohun tó tẹ̀ lé dá ló ń sọ fún ẹ. Tún wo ba nǹkan jẹ́, “ó ba aṣọ mi jẹ́”, ba wà lápá kan, jẹ́ wà lápá kejì, aṣọ wọ àárín wọn, kò sì sí èyí tó ń jẹ́ ìbàjẹ́ nínú àwọn méjèèjì tó bá dá dúró. Òyìnbó tó ń kọ́ Yorùbá máa ń ṣe wàhálà lórí ẹ̀ bó o ṣe ń ṣe wàhálà lórí go off. Nítorí náà kì í ṣe ohun àjèjì ló bá ẹ, ọ̀nà tó o gbà mọ dá náà lo máa gbà mọ̀ ọ́n: wo nǹkan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ó yá, oúnjẹ. “The milk’s gone off”, mílíìkì ti kan, ó ti bàjẹ́. Wọ́n máa ń sọ ọ́ fún mílíìkì, ẹran, ẹja, kírímù, ọbẹ̀, ohun tó bá ti ń rùn tàbí tó kan. Búrẹ́dì tó hu funfun, “mouldy” ni wọ́n sábà máa ń pè é, èyí tó kàn le gan, “stale”. Wọ́n tún lè gé e kúrú pé “this chicken’s off” tàbí “it smells off”. Àwọn ará Amẹ́ríkà kì í fi bẹ́ẹ̀ lo èyí, “it’s gone bad” ló wà lẹ́nu tiwọn, nítorí náà àǹtí ẹ tó wà ní Houston lè má mọ̀ ọ́n, má jẹ́ kó ṣì ẹ́ lọ́nà. Níwọ̀n bó o ti ń fún èèyàn lóúnjẹ, mọ̀ pé “use by” tí wọ́n kọ sára páálí, ọ̀rọ̀ ààbò ni, tó bá ti kọjá ọjọ́ yẹn dà á nù kódà tí ò bá tíì rùn, “best before” ni tiẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ adùn, ó lè kọjá kó má tíì ṣe nǹkan kan.

Èyí tó kàn yìí ló ṣe pàtàkì jù lẹ́yìn ti máàtì, mi ò sì mọ ìdí tí wọn ò fi ń sọ ọ́ fún àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Tí ẹnì kan bá ní “Margaret’s gone off her food”, ká kàn fi Margaret ṣàpèjúwe, kì í ṣe pé oúnjẹ Margaret ti kan. Margaret ni ò jẹun mọ́, oúnjẹ ò wù ú. Òun ló kúrò, kì í ṣe oúnjẹ. Wo “her” tó wà níbẹ̀ yẹn dáadáa. “She’s gone off fish” ni pé ẹja nìkan ni ò wù ú mọ́, ẹ fún un ní adìyẹ, ọ̀rọ̀ tán. “She’s gone off her food” ni pé oúnjẹ lápapọ̀ ni ò wọlé, ìyẹn sì jẹ́ nǹkan tí wọ́n fẹ́ kó o sọ fún nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀ torí pé nínú ara arúgbó, bí àrùn ṣe máa ń kọ́kọ́ fara hàn nìyẹn nígbà míì. Ó lè jẹ́ àrùn ojú ọ̀nà ìtọ̀, ó lè jẹ́ pé ìgbẹ́ ti há, ó lè jẹ́ pé eyín tí wọ́n fi sẹ́nu ń ha á lẹ́ran, ó lè jẹ́ ìbànújẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ ọ tó rò pé oúnjẹ ló bàjẹ́ máa lọ gbé àwo míì wá, á sì lọ jókòó, ohun tó ń ṣe màmá á sì wà níbẹ̀.

Ìkan tún wà tó jọ ọ́, “he’s gone off his legs”. Mo fẹ́ kó o ka èyí lẹ́ẹ̀mejì. Kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú kéèyàn ṣubú, kò sì túmọ̀ sí pé wọ́n gé ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Bàbá tó ń rìn fúnra ẹ̀ lánàá, bóyá pẹ̀lú ọ̀pá, tó wá jẹ́ pé láàárọ̀ yìí kò lè dìde dúró mọ́ ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá máa ń kọ “off legs” sínú ìwé aláìsàn. Kì í ṣe orúkọ àìsàn, ìkìlọ̀ ni, pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ tí wọn ò tíì mọ̀: àrùn, egungun tó ṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i, rọpárọsẹ̀, oògùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà. Tó o bá gbọ́ gbólóhùn yìí lẹ́nu ẹni tó ń gbéṣẹ́ lé ẹ lọ́wọ́, béèrè pé láti ìgbà wo, kó o sì béèrè bóyá wọ́n ti pe dókítà.

Látibẹ̀ náà lèyí tó jẹ́ ti ìfẹ́ ti wá. “I’ve gone off tea”, tíì ò wù mí mọ́. “She’s gone off him”, ọkàn ẹ̀ ti kúrò lára ọkùnrin yẹn, ó fẹ́ràn ẹ̀ tẹ́lẹ̀ o, ìyẹn ló gbọ́dọ̀ wà nídìí ẹ̀, torí pé èèyàn ò lè kúrò níbi tí ò dé rí. Ẹyin tí o ò fẹ́ràn látìgbà tí wọ́n ti bí ẹ, o ò lè “go off” ẹyin. Nǹkan tó ò ń sọ gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn off, “gone off it”, má fi it sáàárín.

Oorun ńkọ́? Tó o bá ń kọjá lẹ́nu yàrá tí ẹnì kan fìka sẹ́nu, tó sọ fún ẹ jẹ́jẹ́ pé “he’s just gone off”, bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn lọ ni, rọra rìn. Gbọ́ bí tiwa ṣe jọ ọ́ níhìn-ín: à ń ní ọmọ ti sùn lọ, lọ ni àwa náà fi sí i. A tún ń ní iná ti lọ, a sì ń ní ìnáwó yẹn lọ dáadáa, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe máa ń ní “the party went off well”. Àmọ́ o, ṣọ́ra níbi ikú. “He’s gone off” kì í ṣe pé ó kú. “He’s gone”, láìsí off, pẹ̀lú ohùn tó wálẹ̀, ìyẹn lè jẹ́ ikú, bíi ká ní bàbá ti lọ. “He’s passed away”, “she slipped away in the night”, ikú nìwọ̀nyẹn. Off kékeré yẹn ló ya oorun sọ́tọ̀ kúrò lára ikú, nítorí náà gbọ́ ọ̀rọ̀ dé ìparí kó o tó bú sẹ́kún tàbí kó o tó pe mọ̀lẹ́bí wọn.

Èyí tó kù mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. “She’s gone off to the hospital”, ó ti lọ sí hòsípítù, kúrò gidi nìyẹn. “Somebody’s gone off with my keys”, ẹnì kan ti gbé kọ́kọ́rọ́ mi lọ, ó lè jẹ́ olè ó sì lè jẹ́ pé ó gbàgbé ni, wo ojú ẹni tó ń sọ ọ́. “I go off at eight”, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì máa ń sọ ọ́, mo parí iṣẹ́ láago mẹ́jọ. “He went off on one”, ó gbaná jẹ, ó ń pariwo, ó ń sọ gbogbo ohun tó wá sẹ́nu, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, tó bá jẹ́ ará Amẹ́ríkà á ní “he went off on me”, ó jágbe mọ́ mi. Tí ọkọ ẹ tàbí àbúrò ẹ bá ń ṣiṣẹ́ ìkọ́lé níbẹ̀, sọ fún un pé tí ọ̀gá ẹ̀ bá ké pé “hurry up, the plaster’s going off”, ohun tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri ti ń le nìyẹn, ó kù díẹ̀ kó má ṣeé rẹ́ mọ́, kó yáa ṣe kíá, kì í ṣe àkókò láti lọ wá omi tàbí láti da nǹkan nù pé ó ti bàjẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì náà ní tiwọn, wọ́n á kọ “go off!” sábẹ́ fọ́tò ẹni tó múra dáadáa, wọ́n ń yìn ín ni, o ṣeun, o gbayì, ìyẹn ni.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú ẹ lérò pé àìkàwé ló fà á. Samuel Johnson, tó ṣe dikíṣọ́nárì òyìnbó ńlá tó jáde lọ́dún 1755, ó ti kọ ọ́ síwájú ìwé náà nígbà yẹn pé irú àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n so nǹkan kékeré mọ́ nídìí báyìí ló máa ń fún àwọn àjèjì ní wàhálà jù lọ. Àwọn tó ń ṣe dikíṣọ́nárì mọ̀. Àmọ́ àwọn tó ni èdè náà kì í mọ̀ pé àwọn ń lo nǹkan tó le, torí pé ó ti mọ́ wọn lẹ́nu, ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì yẹn fi sọ ọ́ tó sì bá tiẹ̀ lọ. IELTS, ìdánwò òyìnbó tó o ṣe kó o tó kúrò nílé, ò bi ẹ́ nípa máàtì, kò sì bi ẹ́ nípa ẹsẹ̀ bàbá.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe nìyí. Má kọ “go off” sórí ìwé kó o wá to ìtumọ̀ sísàlẹ̀ ẹ̀. Kọ gbólóhùn odindi, bí o ṣe gbọ́ ọ gan-an, kó o sì kọ ẹni tó sọ ọ́ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. “Her mat’s gone off”, wọ́n sáré. “The milk’s gone off”, wọ́n dà á nù. “He’s just gone off”, wọ́n pa ìlẹ̀kùn dé. Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà á túmọ̀ ẹ̀ fún ẹ ju dikíṣọ́nárì lọ. Fetí sí bí wọ́n ṣe ń pè é náà: tí off bá wà ní ìparí, orí ẹ̀ ni ohùn máa ń le, “the alarm went OFF”, tí nǹkan bá wà lẹ́yìn ẹ̀, orí nǹkan yẹn lohùn máa ń bọ́ sí, “I’ve gone off FISH”.

Tí kò bá yé ẹ, béèrè. Mo mọ̀ pé ó máa ń nira fún wa láti bi ọ̀gá padà, bí wọ́n ṣe tọ́ wa dàgbà ni pé ẹni tó bá ń bi àgbà padà ò lẹ́kọ̀ọ́, àmọ́ níbi iṣẹ́ yẹn, ẹni tó béèrè ni wọ́n máa fọkàn tán. Má sì ní “pardon” nìkan, torí pé ohun kan náà ni wọ́n máa tún sọ, pẹ̀lú ohùn tó lọ sókè. Sọ ohun tó o rò pé ó jẹ́ kí wọ́n lè gbà á tàbí kí wọ́n tún un ṣe: “Do you mean it’s ringing?” “Do you mean he’s asleep?” “Is she not eating at all, or just not the fish?” Kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ, màmá ò sì ní dá dúró ti ògiri.

Ó wá ku “let me off the light”. Kò sí nǹkan tó ṣe é nílé wa, òyìnbó Nàìjíríà ni, gbogbo wa la gbọ́ ọ yé, mi ò sì fara mọ́ àwọn tó ń fi í bú èèyàn. Àmọ́ ní England, off kì í dá ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún iná, àfi nínú ọ̀rọ̀ àwọn jàǹdùkú, tí “to off somebody” ti túmọ̀ sí kí wọ́n pa èèyàn. Ìdí tí wọ́n fi ń wò ẹ́ bákan nìyẹn. “Let me turn the light off” tàbí “switch the light off” ni kó o máa sọ, tó bá sì jẹ́ it lo fẹ́ lò, àárín ló máa wà, “turn it off”. Go off tó jẹ́ ti aláàmù kò gba kéèyàn ṣe é sí nǹkan, ó ń ṣẹlẹ̀ fúnra ẹ̀ ni, o ò lè ní “I went off the alarm”. Tó o bá ṣèèṣì fẹsẹ̀ tẹ máàtì màmá nígbà tó ò ń tún bẹ́ẹ̀dì ṣe, tí gbogbo ilé wá ń dún, tí wọ́n sáré dé pé kí ló ṣẹlẹ̀, sọ fún wọn pé “sorry, I set it off”, kó o sì fi hàn wọ́n pé màmá ṣì jókòó sórí àga wọn.